Ọkùnrin Tí Ó Ro Búrẹ́dì Bí Fùfú

Ọkùnrin kan wà tí àárò ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sọ débi pé, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, á ti tún fìlà ṣe kó tó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lọ fẹ́ ẹni tí bàbá kò fẹ́. Bàbá sọ̀rọ̀, ọmọ fèsì, ó di ọdún mélòó kan tí wọn kò rí ara wọn. Má bi mí ohun tó burú lára ọkọ náà. Ó gùn jù, ó sì ń rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀sùn tí mo gbọ́ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ọmọ ránṣẹ́ pé òun máa yà kí bàbá òun ní Sátidé. Bàbá gbá ilé, ó gbá àgbàlá, díẹ̀ ló kù kó gbá títì. Ó wá rántí búrẹ́dì tí olóògbé máa ń ṣe nílé. Kò ní ìwúkàrà, a kì í dúró dè é kó wú: ìyẹ̀fun, ẹyin, bọ́tà, páúdà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì díẹ̀, pẹ̀lú èso dàbínù gbígbẹ àti ẹ̀pà tí a fọ́ wẹ́wẹ́. Inú ìkòkò tó ní yanrìn gbígbóná nídìí ni wọ́n ti ń yan án. Kó tó tutù, ọmọ náà á ti máa fi ìka yọ dàbínù inú rẹ̀ jẹ. Gbogbo ohun tí bàbá ń fẹ́ láyé kò ju kí ó tún rí ìka yẹn nínú búrẹ́dì.

Ó da ìyẹ̀fun sínú ìkòkò, ó sì pe àbúrò ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé kó kọ́ òun.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹyin àti ìyẹ̀fun bá ti pàdé, ẹ fi ṣíbí pò ó díẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀."

"Ó ṣì ní kókó."

"Ẹ jẹ́ kó ní kókó."

"Kókó kẹ̀! Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ fùfú mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, fùfú kọ́ lẹ ń ṣe. Iná á bá yín mójú tó kókó yẹn."

Ó pa fóònù. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, kókó nínú òkèlè, ìwà ọ̀lẹ ni. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò, ó mú ọmọrogùn, ó sì rò ó títí ó fi kúnná, tó ń dán, tó ń fà. Nígbà tó jinná, ọ̀bẹ kọ̀ ọ́.

Ọmọ dé, ó kúnlẹ̀, ó bu búrẹ́dì sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi, ẹ rò ó!"

"Mo rò ó dáadáa."

"Màámi kì í rò ó o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìka yọ dàbínù.

Ohun tó ń wá rèé níwájú rẹ̀. Kó ṣáà pa ẹnu dé. Ọkùnrin wa gbọn agbádá.

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ gbóhùn sókè nínú wa?"

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Rárá o. A gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀."

Ó tú u. Ó mú ọ̀rọ̀ ọkọ jáde, ó mú ti àna jáde, ó mú ohun tí ọmọ sọ níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀ jáde. Ìka ọmọ dúró. Ó nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀. "Ó dàbọ̀, bàbá mi."

Bàbá ń rẹ búrẹ́dì yẹn sínú tíì jẹ, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé òun ló jàre. Ó jàre lóòótọ́. Kò kàn sí ẹni tó ń bá a jẹun ni.

Ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, o wá ní kí n pe ìpàdé ẹbí, kí ọmọkùnrin rẹ lè wá ṣàlàyé ara rẹ̀ kó tó wálé wá ṣọdún. O ti yan ẹlẹ́rìí, o ti to àga. Láti ìgbà tí o ti jókòó lo ti ń pè é ní "ọmọ burúkú yẹn", ohùn rẹ sì rọ̀ bí ti ọkọ ìyàwó. Èmi ò pe ìpàdé kankan. Ohun kan wà láàrin yín tí kò ní kúnná láéláé. Ẹ jẹ́ kó ní kókó, kí ẹ máa jẹun. Pè é lónìí, sọ fún un pé o fẹ́ rí i. Tó bá ní, "Bàbá, nípa ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn," bi í pé ọjọ́ wo ló ń bọ̀ nílé.