Òkété Tó Ń Bá Ará Igbó Pọ́n Ọ̀bẹ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Háà, ṣé ẹ kò tíì jẹun ni? Ẹ dáhùn kí àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé gbọ́. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ tèmi gba ẹ̀yìn ilé, ó wọ inú ihò, ó bá Òkété níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, gbogbo ẹranko igbó ló ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Ọ̀bẹ ọdẹ ni ti Bàbá Òòrẹ̀, ó gùn, ó wà nínú àkọ̀ awọ. Ọ̀bọ ní ọ̀bẹ olójú méjì. Ìyá Etu, opó tó ń dá tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ní ọ̀bẹ kékeré kan tó ń ká sínú èèkù. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Òkúta kan ṣoṣo tó wà lábẹ́ igi àràbà ni gbogbo wọn fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Bí ẹnìkan bá ń pọ́n, ẹlòmíràn á máa bu omi sí i, wọn á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin kan ni wọ́n ní: bí wọ́n bá ṣọdẹ dé, ẹni tó bá mú ọ̀bẹ wá ni yóò gé ẹran tirẹ̀.

Òkété ro òfin yìí síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lọ́bẹ ńkọ́? Wọn á wá bẹ̀ mí. Èmi ni màá máa gé e! Itan á jẹ́ tèmi, kí wọ́n máa họ eegun."

Olójúkòkòrò!

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó yí òkúta náà gbirigbiri lọ sí ojúde rẹ̀. Ó pariwo: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Ẹ kó ọ̀bẹ yín wá, ọ̀fẹ́ ni màá bá yín pọ́n ọn!"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀?" ni Ọ̀bọ wí. "Òkété, ṣé ara rẹ yá?"

"Ara mi le koko. Ìfẹ́ yín ló pọ̀ lọ́kàn mi."

Wọ́n kó o wá. Òkété ń pọ́n, ó ń kọrin:

Ẹ bá mi pọ́n ọn o,
Ṣàáṣàá!
Kó mú, kó dán o,
Ṣàáṣàá!

Ẹ gbè é dáadáa. Oyèdùn, ohùn rẹ dà?

Bí wọ́n bá ti yíjú báyìí, á dáwọ́ dúró, á kó ọ̀bẹ wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ihò Òkété ní ẹnu méjì: iwájú ló ń gbà wọlé, ẹ̀yìn ló ń gbà sá bí ewu bá dé. Ẹnu ẹ̀yìn, láàárín gbòǹgbò ọ̀pẹ, ló to gbogbo ọ̀bẹ sí títí ibẹ̀ fi dí pa.

Bàbá Òòrẹ̀ wá béèrè. Òkété ní, "Bàbá, ọ̀bẹ yín yìí lágídí, kò tíì mú." Ìyá Etu wá. "Ìyá, ẹ lọ sinmi, ẹ padà wá lọ́la." Eyín ni Ìyá Etu wá fi ń já oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀, títí eyín náà fi ń ro ó. Ó sunkún.

Ọjọ́ ọdẹ pé. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín. Òkété na ẹ̀yìn sílẹ̀ nínú ihò, ó ń yọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ wọ́ọ́, wọ́ọ́, lẹ́nu ọ̀nà iwájú. Òjòlá ni! Ibi tútù ni ejò ńlá náà ń wá, ó sì bá oúnjẹ níbẹ̀.

Òkété fò dìde, ó sáré dé ẹnu ẹ̀yìn. Ọ̀bẹ ló kọ lù!

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Òjòlá ti wọlé tọ̀ mí o!"

Gbogbo wọn sáré dé ìdí ọ̀pẹ. Bàbá Òòrẹ̀ fi èékánná wa ilẹ̀, gbòǹgbò kò jẹ́.

"Ẹ mú ọ̀bẹ wá ká gé gbòǹgbò yìí!"

Ọ̀bọ wò ó lójú. "Ọ̀bẹ wo, Bàbá? Ṣebí ọ̀dọ̀ Òkété náà ló wà!"

Ẹ̀rín ń pa wọ́n, àánú sì ń ṣe wọ́n.

"Òkété!" Bàbá Òòrẹ̀ ké sí i. "Ti ọ̀bẹ wa jáde níkọ̀ọ̀kan. Èèkù ni kó o kọ́kọ́ tì o!"

Òkété ti ọ̀bẹ Bàbá Òòrẹ̀ jáde, ó ti ọ̀bẹ Ọ̀bọ àti ti àwọn yòókù jáde. Òjòlá ń bọ̀, wọ́ọ́, wọ́ọ́. Orin ti yí padà:

Ẹ tètè gbà á o,
Ṣàáṣàá!
Ẹ̀mí mi ń lọ o,
Ṣàáṣàá!

Ó wá ku ti Ìyá Etu nìkan. Ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ yẹn ló wu Òkété jù, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó gbé e há ẹnu ní ìbú, ó ki orí bọ ihò. Ọ̀bẹ há lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Jù ú sílẹ̀!" ni wọ́n ń pariwo.

"Ún-ùn," Òkété mi orí.

Ìyá Etu bú sẹ́kún. "Ṣé nítorí ọ̀bẹ lo fẹ́ kú? Mo ti fi í ta ọ́ lọ́rẹ, ọmọ mi, ṣá ti jáde!"

Ìtìjú mú Òkété. Kó tó ronú, Òjòlá gbá a nírù mú. "Yéèè!" Bó ṣe lanu ké báyìí, ọ̀bẹ bọ́ síta lẹ́nu rẹ̀, òun náà ta jáde bí ọfà. Awọ ìdajì ìrù, láti ṣóńṣó wá, ló kù sẹ́nu Òjòlá.

Òkété gbé ọ̀bẹ náà fún Ìyá Etu, ó dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ foríjì mí."

"Mo ti foríjì ọ́," ni Ìyá Etu wí. Ó fọwọ́ kan ojú ọ̀bẹ. "Àmọ́ kò tiẹ̀ mú!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìdajì ìrù Òkété ti dúdú, tí ìdajì sì funfun. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì kó lọ wò ó lóko.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ àti ẹ̀yin àgbà: ohun tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì láti bá a tún ṣe, ẹ tún un ṣe, kí ẹ dá a padà. Kì í ṣe Òjòlá ló dí ọ̀nà mọ́ Òkété. Òun fúnra rẹ̀ ni.