Ìyá Erin àti Àwọn Abíógun Mẹ́ta

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Mo ní ààlọ́ o! Àbí oorun ti gbé yín lọ?"

"Ààlọ̀, Ìyá Àgbà! A ò tíì sùn!"

"Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi. Ládiméjì, ká ẹsẹ̀ rẹ kò kí Àríkẹ́ ríbi jókòó lórí ẹní. Àlọ́ mi gbéra, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó pàdé ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó sì lọ kọ lu ìyá erin."

"Háà! Erin!"

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ogun wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ìrókò. Àwọn obìnrin sá lọ sínú ihò àpáta. Ọjọ́ yẹn gan-an, nínú ihò yẹn, obìnrin mẹ́ta bí ọmọkùnrin.

Nígbà tí ogun lọ tán, ìyá kìíní ní, "Abíógun ni ọmọ mi yóò máa jẹ́, nítorí inú ogun ni mo bí i sí."

Ìyá kejì ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé inú ọdún ni mo bí tèmi sí ni? Abíógun ni tèmi náà."

Ìyá kẹta kò tilẹ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ó kàn ń pe ọmọ tirẹ̀ ní Abíógun lọ ní tirẹ̀.

"Ìyá Àgbà, báwo wá ni wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀?" Àríkẹ́ ló bèèrè.

"Iṣẹ́ wọn ni, ọmọ mi. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ nígbà tí wọ́n dàgbà."

Abíógun kan di oníwàásù. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, ó so agogo mọ́ ọn. Èèyàn ń wá síbẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ń wá. Bó bá ń wàásù lọ́wọ́, ewúrẹ́ á máa jẹ etí aṣọ funfun rẹ̀. Kò ní í lù ú. Á rọra fa aṣọ náà gbà lẹ́nu rẹ̀, á sì máa wàásù rẹ̀ lọ.

Abíógun kejì di ológun. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àpá idà kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn etí. Ó ti jagun débi pé, bí ìyàwó rẹ̀ bá fẹ́ jí i lójú oorun, òkèèrè ló ti máa ń pè é.

Abíógun kẹta di olóṣèlú. Ààfin ló máa ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ tó o ní gbogbo ìlú náà. Bó bá ti lanu, àwọn ẹyẹ tó wà lórí òrùlé pàápàá á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́.

Ọkùnrin yìí fẹ́ di olórí ìgbìmọ̀ ọba. Ṣùgbọ́n àṣà wọn nílùú náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó sí àga yẹn gbọ́dọ̀ mú eyín erin wá fún ọba.

Ló bá mú ìbọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó kó àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ó di inú igbó. Kùrukùru ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí nǹkan dúdú kan létí odò, tó ń mu omi. Abíógun olóṣèlú kò dúró wò ó dáadáa. Ó yìnbọn.

Gbòlà!

Nǹkan náà ṣubú. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń fò sókè, wọ́n ń kígbe: "Abíógun pa erin o! Abíógun pa erin!" Ariwo náà sì gba inú igbó kan.

Ìgbà tí wọ́n dé ìdí rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ọmọ erin ni. Eyín rẹ̀ kò tíì yọ. Ó ṣì ń mí. Ó gbójú sókè wò wọ́n, ó na imú rẹ̀ kékeré, ó sì fi di ọwọ́ ọ̀tún Abíógun olóṣèlú mú, bí ọmọdé ṣe máa ń di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú lójú ọ̀nà. Bó ṣe dì í mú báyẹn ni ó kú.

"Áà," ni Ládiméjì wí. "Kí ló wá ṣe, Ìyá Àgbà?"

"Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó sá. Ó ní kí àwọn tó tẹ̀ lé e má ṣe lanu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ọ̀kẹ́rẹ́, tó jẹ́ aṣọ́bodè ìlú, gun orí igi láàárọ̀ láti wo ìta bó ti máa ń ṣe. Ó wò ó. Ó nu ojú rẹ̀, ó tún wò ó. Ó já ṣòòròṣò sílẹ̀, ó ń kígbe.

"Ẹ jáde o! Igbó ti dìde! Igbó ń bọ̀ nílùú!"

Igbó kọ́. Erin ni. Erin lápá ọ̀tún, erin lápá òsì, erin níwájú, erin lẹ́yìn. Wọ́n yí odi ìlú ká. Ara wọn ni oòrùn yọ lé lórí lọ́jọ́ náà; kò ráyè yọ sórí ilé. Wọn kò ké, wọn kò ya ẹ̀ka igi kan. Wọ́n kàn dúró. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ débi pé ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́ kò ju etí àwọn erin tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ: fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀. Àwọn àkùkọ gbàgbé láti kọ.

Ìyá Erin bọ́ síwájú. Ó ti dàgbà, etí rẹ̀ ti ya bí aṣọ àtijọ́. Ó dúró níwájú bodè, ó sì kọrin. Ẹ bá mi gbè é.

"Ta ló ń jẹ́ Abíógun o?"

"Rìgìdì rìgìdì, ilẹ̀ ń mì!"

"Ẹ mú un jáde kí n fojú rí i o."

"Rìgìdì rìgìdì, ilẹ̀ ń mì!"

"Ọmọ mi lọ mumi, kò padà wálé."

"Rìgìdì rìgìdì, ilẹ̀ ń mì!"

"Orúkọ rẹ̀ ni mo gbọ́ nínú igbó o."

"Rìgìdì rìgìdì, ilẹ̀ ń mì!"

Ìyá Erin ní, "Ẹni tó ń jẹ́ Abíógun ló pa ọmọ mi. Ẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Bí oòrùn bá wọ̀ tí n kò rí i, àárín ilé yín ni a óò gbà kọjá lọ sílé wa."

Ìlú dàrú. Gbogbo wọn rọ́ lọ sí ààfin. Ọba ní, "Abíógun mẹ́ta la ní. Èwo ni kí á fún un?"

Abíógun olóṣèlú ló kọ́kọ́ dìde. Ohùn rẹ̀ dùn bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní, "Kábíyèsí, èmi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Mo kàn ń bèèrè ni. Ta ló ń gbé ìbọn kiri nílùú yìí? Ta ni ìpànìyàn kò ṣòro fún?"

Gbogbo ojú yí sí ológun.

"Irọ́ ló ń pa!" Àríkẹ́ fò dìde lórí ẹní.

"Jókòó, ọmọ mi. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ̀."

Ológun wo olóṣèlú títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi kọ́ ni mo pa ọmọ erin. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé n óò dáàbò bo ìlú yìí. Bó bá jẹ́ Abíógun ni wọ́n ń fẹ́, orúkọ mi nìyẹn. Ẹ ṣí bodè." Ó tú idà rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ níwájú ọba. Ó ń lọ lọ́wọ́ òfo.

Kò tíì dé bodè tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Oníwàásù ni, ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń sáré bọ̀.

"Dúró! Ìwọ ní ìyàwó, o lọ́mọ. Èmi ò ní. Abíógun ni èmi náà ń jẹ́. Jẹ́ kí èmi lọ."

"Padà sílé, oníwàásù."

"N ò padà."

"Mo ní kí o padà!"

"Bí n kò bá padà ńkọ́? Ṣé wàá bá mi jà ni?"

Ológun rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ èèyàn Òkè-Ìrókò kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó ní, "Ó dáa. Ká jọ lọ."

Ni àwọn méjèèjì bá jáde. Bodè tì lẹ́yìn wọn. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ erin níhìn-ín, ẹsẹ̀ erin lọ́hùn-ún, bí òpó ilé ńlá, àwọn méjèèjì sì ń gba àárín rẹ̀ kọjá, wọn ò ju kòkòrò lọ.

Ìyá Erin tẹrí ba wò wọ́n. "Èwo nínú yín ni Abíógun?"

"Èmi ni," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó na imú rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ ológun. "Ẹ̀jẹ̀ wà níbí, ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ó sì ti pẹ́. Òórùn ọmọ mi kò sí níbẹ̀."

Ó gbóòórùn ọwọ́ oníwàásù. "Epo àtùpà nìyí, àti irun ewúrẹ́. Òórùn ọmọ mi kò sí níbẹ̀." Ó yọ imú rẹ̀ kúrò. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é, ẹ sì mọ̀. Kí lẹ wá ṣe níwájú mi?"

Oníwàásù ló fèsì. "Ìyá, Abíógun lẹ pè, Abíógun sì ni wá. Bí a bá jókòó sílé, orí àwọn ọmọdé wa lẹ máa gbà kọjá." Ó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Ìyá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Láti ìgbà tí ọmọ Ìyá Erin ti kú, èèyàn kankan kò tíì kí i. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń kán sí ẹ̀yìn oníwàásù níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

Abíógun olóṣèlú wà lórí odi, ó ń wo gbogbo rẹ̀. Ó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀mí ara wọn san gbèsè ohun tí òun ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, níbi tí ọmọ erin ti dì í mú. Ó nù ún mọ́ aṣọ. Kò lọ. Ó tún nù ún. Kò lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí odi.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni àwọn ará ìlú ń bi í. Ó ṣí bodè fúnra rẹ̀, ó lọ dúró níwájú Ìyá Erin. Ó lanu láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kankan kò jáde. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta.

Ìyá Erin gbóòórùn rẹ̀.

Òórùn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn erin yòókù gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì ké. Ẹ gbọ́, igbe yẹn! Koríko ṣí kúrò lórí òrùlé. Omi dà nínú ìkòkò. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń ró fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè, kò sí ẹni tó fà á. Ìyá Erin fi imú gbé Abíógun olóṣèlú, ó gbé e lọ sókè, sókè, ju orí igi lọ.

"Ó ti kú!" ni Ládiméjì wí.

"Kò tíì kú. Oníwàásù dì mọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Erin kan, ológun dì mọ́ èkejì. 'Ìyá, ẹ jọ̀wọ́! Ìyá, ẹ ṣàánú!'"

Ìyá Erin bi ẹni tó gbé sókè pé, "Kí ni ọmọ mi ṣe kó tó kú?"

Abíógun olóṣèlú bú sẹ́kún. "Ó dì mí lọ́wọ́ mú, Ìyá. Mo yìnbọn fún un, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú. Èmi sì já a sílẹ̀, mo sá."

Ìyá Erin dúró. Atẹ́gùn pàápàá dúró. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó fi imú wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fún un lẹ́ẹ̀kan. Egungun dún. Ọwọ́ yẹn kò lè gbé ìbọn mọ́ títí ó fi kú.

"Ẹ wá bá mi sin ọmọ mi," ni Ìyá Erin wí.

Wọ́n tẹ̀ lé e dé etí odò. Ọba àti gbogbo ìlú tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Ológun ń gbẹ́ ilẹ̀, oníwàásù ń kó yẹ̀pẹ̀, olóṣèlú ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ wa ilẹ̀, ó ń sunkún. Nígbà tí wọ́n bò ó tán, àwọn erin ń kọjá níkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ti dé, á gbé ẹ̀ka igi tútù lé ibojì náà, á dúró díẹ̀, á sì kúrò fún èyí tó kàn, títí ewé fi ga ju ilé lọ. Oníwàásù fẹ́ gbàdúrà. Ó wo àwọn erin, ó sì ṣí fìlà rẹ̀, ó dákẹ́.

Níbẹ̀ ni olóṣèlú ti kọjú sí ọba níwájú gbogbo ìlú. Ó ní, "Èmi ni mo pa á, Kábíyèsí, mo sì tún fi ọ̀rọ̀ dídùn tì í sọ́rùn ẹlòmíràn. Ẹ fi àga yẹn fún ẹni tó yẹ."

Ìyá Erin wò wọ́n, ó yí padà. Gbogbo erin yí padà. Wọ́n gba àárín oko ìlú lọ, ẹ̀gẹ́ kan kò ṣẹ́, wọn ò tẹ ewé iṣu kan mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ń mì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí wọn kò fi mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún rí erin nínú igbó Òkè-Ìrókò.

Ìyá Àgbà fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa ni pé, bí èèyàn bá ṣe ohun tí kò dára, kó jáde wí pé òun ló ṣe é. Kó má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀. Bí a bá sì rí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, bó ti wù kó bà wá lẹ́rù tó, ká kí i.

"Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí, ibẹ̀ ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ètè mi lẹ̀ mọ́ra kó má ṣí mọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kó ṣí kí n fi súre fún yín."

Ó pa ètè rẹ̀ dé. Ọmọ kan kò mí.

Ètè Ìyá Àgbà ṣí. "Ẹ óò dàgbà, ẹ óò dàgbó."

"Àmín o!"