Agbọ́n Yé Ẹyin Sínú Ẹ̀jẹ̀ Jẹwéjẹwé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá gbàlà, ó balẹ̀ sórí igi emi, ó dá lórí Jẹwéjẹwé, kòkòrò tí kò fẹ́ nǹkan kan láyé ju kó hu ìyẹ́, kó di labalábá.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn yìí ń bà mí nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n pa á. Nínú ẹ̀jẹ̀ Jẹwéjẹwé ni àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń gbé. Wọn kò lójú, imú nìkan ni wọ́n ní. Ohun tí kò bá ti rùn bíi Jẹwéjẹwé, wọn á yí i ká, wọn á fún un pa, á sì dú kirikiri.

Lọ́jọ́ kan, Agbọ́n fò dé, vúùù! Ó gún Jẹwéjẹwé lẹ́yìn, fín-ín! Ó yé ẹyin sí i nínú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi orin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Àlejò wọlé wa o,
Ègbè: Yí i ká, yí i ká!
Kò rùn bíi tiwa o,
Ègbè: Yí i ká, yí i ká!

Ẹyin dú, ó kú. Agbọ́n padà wá, fín-ín! Wọ́n kọrin, ẹyin dú, ó kú.

Jẹwéjẹwé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní fún Agbọ́n pé, "Ìyá oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ má da ara yín láàmú. Òórùn ara mi làwọn ẹ̀ṣọ́ mi fi ń mọ tilé yàtọ̀ sí tìta."

Ta ló bi í léèrè?

Nígbà tí Agbọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó gún un, ẹ̀jẹ̀ sun jáde. Ó yí ẹyin rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ náà dáadáa, ló bá tì í wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ ilé ni." Wọ́n yà fún un.

Ẹyin pa. Ọmọ Agbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, wọ̀mùwọ̀mù. Jẹwéjẹwé figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Nǹkan ń jẹ mí nínú! Ẹ yí i ká!"

Olórí ẹ̀ṣọ́ dáhùn pé, "Bàbá, a ti gbóòórùn káàkiri. Ẹ̀yin nìkan la bá níbẹ̀. Ṣé ẹ ní ká pa yín ni?"

Jẹwéjẹwé sunkún, ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún gbóòórùn, òun náà ni wọ́n tún bá. Ni wọ́n bá dúró, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ tó yẹ kó hu ìyẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ là fàà, ọmọ Agbọ́n ló fò jáde.

Ẹ má bi mí bóyá Jẹwéjẹwé bọ́. Kò bọ́. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ká má ṣe tú àṣírí ohun tó ń dáàbò bò wá fún ẹni tó ń wá ọ̀nà àtipa wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Jẹwéjẹwé bá a kú, wọ́n sì kú láì mọ̀ pé àwọn ò ṣiṣẹ́ àwọn.