Òkété Ní Òun Fẹ́ Bá Odò Gbálẹ̀

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ohùn yín kò jáde dáadáa. Àbí oorun ti ń kùn yín ni? Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní ìgbà kan rí, Òkété ń gbé nínú ihò létí odò. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé bí ó bá sín báyìí, bàbá ti nu imú fún un kí ìyá tó yíjú. Nígbà tó yá, ihò kò tẹ́ Òkété lọ́rùn mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi kò ní dàgbà sábẹ́ ilẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni n ó kọ́ fún un, kó lè máa wo Erin láti òkè." Ẹ ò rí nǹkan, ẹni tó ń gbé inú ihò ló ń sọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ilé ń fẹ́ ẹrẹ̀, ó ń fẹ́ yanrìn, ìsàlẹ̀ odò sì ni èyí tó dára wà. Ṣùgbọ́n Àrọ̀, ìyá àgbà ẹja onírùngbọ̀n, ló ń ṣọ́ odò náà, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wa ibẹ̀. Òkété ronú títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ìgbálẹ̀ dání, ó dọ̀bálẹ̀ létí omi.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Káàárọ̀, Òkété. Kí ni ti ìgbálẹ̀?"

"Màmá, ọkàn mi ò balẹ̀. Gbogbo wa là ń gbálẹ̀ láràárọ̀, kò sẹ́ni tó ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbá a. N ò gba nǹkan kan o, ìdọ̀tí yẹn náà ni n ó kó lọ."

Àgbà wo ni ọmọ yóò ní òun fẹ́ bá gbálẹ̀ tí yóò kọ̀? Inú Àrọ̀ dùn. "O ṣeun, ọmọ mi. Òkè òkè ni kó o gbá o. Má wa ìsàlẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Màmá."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Bí Àrọ̀ ti yíjú, ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó fi èékánná wọlé. Ó ń wa ẹrẹ̀, ó ń wa yanrìn, ó ń kó o sẹ́nu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì fi wú. Ó sì ń kọrin. Ẹ má bi mí bó ṣe ń fi ẹnu tó kún kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Mo ń gbálẹ̀ fún Màmá o,
*Gbá a, gbá a.*
Ilé Màmá á mọ́ tónítóní,
*Gbá a, gbá a.*

Kò pẹ́ tí omi fi rú. Ẹja wẹ́wẹ́ ń wúkọ́. Ẹyin tí Àrọ̀ yé sídìí koríko, ẹrẹ̀ bò ó, kò pa. Edé wá bá Òkété. "Bàbá Àwẹ̀ró, a ò lè mí mọ́."

Òkété ní, "Ẹ fara dà á. Ilé tí wọ́n bá ń gbá, ṣé kì í rú eruku ni?"

Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà sí bèbè odò. Ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé, òun fúnra rẹ̀ ló pọnmi odò náà wẹ Àwẹ̀ró. Kí oòrùn tó wọ̀, ara ọmọ ti wú, kò lè la ojú. "Bàbá, ojú ń ta mí."

Òkété sáré lọ bá Àrọ̀. "Màmá, kí ló wà nínú omi yín? Ọmọ mi fẹ́ kú."

Àrọ̀ léfòó, agbára káká ló fi ń mí. "Láyé ìyá mi, ẹyẹ Agbe ń rẹ aṣọ láró létí odò yìí. Gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò aró, inú omi ló ń dà á sí. Ó pa wá lọ́mọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹrẹ̀ fi bò ó mọ́lẹ̀ tí omi fi tòrò. Ohun tó o pè ní ìdọ̀tí, ìdérí wa ni. Ìwọ lo ṣí i."

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ni bèbè tí Òkété ti gbẹ́ nídìí ya sínú omi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tẹ̀lé e, gbì. Ọpẹ́ ni pé ìyá Àwẹ̀ró ti gbé ọmọ jáde sábẹ́ igi. Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹrẹ̀ padà sódò, ó ń sunkún.

"Fi sílẹ̀," Àrọ̀ ní. "Bó o ṣe ń dà á padà lo tún ń rú u."

"Kí ni kí n wá ṣe, Màmá?"

"Má fọwọ́ kàn án mọ́. Omi á tòrò nígbà tó bá wù ú." Inú ń bí Àrọ̀, ṣùgbọ́n àánú ọmọ náà ṣe é. "Ìsun kan wà lẹ́yìn òkè. Lọ pọn tibẹ̀ wẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, òkè ni Òkété ń gùn láràárọ̀ tòun tìkòkò lórí. Ara Àwẹ̀ró yá, ojú rẹ̀ là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lẹ́nu ihò wọn àtijọ́, ó ń wo odò bó ṣe ń ṣàn kọjá.

"Bàbá, omi ṣáà rèé níwájú ilé wa. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń lọ pọnmi lọ́nà jíjìn?"

Òkété dìde. Ó gbé ìkòkò rù, ó kọjú sí òkè.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ìsàlẹ̀ odò kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ń gbá. Ẹni tó bá fẹ́ wà á, kó kọ́kọ́ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí ọmọ tirẹ̀ náà yóò wẹ̀ níbẹ̀.