Ọmọ Ayò Tó Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Òkété

Nígbà láéláé, nígbà tí Ẹlẹ́dàá ṣẹ̀ṣẹ̀ sinmi nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété tẹ́ pẹlẹbẹ bí ewé. Orí ilẹ̀ ló ń gbé, ọ̀sán gangan ló sì ń rìn.

Ọ̀fẹ́ ni ayò nígbà náà. Ọlọ́run fi igi ayò sínú igbó, kò sì fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Ṣùgbọ́n Òkété jókòó ti ọpọ́n ayò ìlú, ó sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀ta. Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta. Òpè ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá ní, "Ẹ káàárọ̀, Òkété," kò ní dáhùn. Àfi kí wọ́n ní, "Ọ̀ta o!" Nígbà náà ni yóò fọwọ́ pa irun ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Adìẹ kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín ta ayò."

Òkété wo Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹ̀fẹ̀ tó jáde lẹ́nu ẹni. Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín.

Òkété bi Adìẹ pé, "Ìwọ kẹ̀? Ta ni bàbá ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o."

"Ẹ ò rí i! Kò sí ojúlówó ọ̀ta tí kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀gbọ́n, ayò ni mo wá ta. Mi ò wá fẹ́ ọmọ ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n."

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún rẹ́rìn-ín. Òkété fojú bá a wí.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Lórí àkìtàn, èmi àti àwọn ọmọ mi."

"Ayò àkìtàn! Ṣé ìyẹn náà layò? Ọwọ́ la fi ń ta ayò, ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ! Bí a bá gba adìẹ láyè lónìí, ìgbín á dé lọ́la. Bí ìgbín bá wá ń ta ayò, kí ló kù nínú orúkọ tí mò ń jẹ́?"

Adìẹ ò bá a jiyàn. Ó na ẹsẹ̀ sí ọpọ́n, ó kó ọmọ ayò, ó ń fi wọ́n sílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já bọ́. Ló bá jẹ ayò náà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbàgbé ara rẹ̀. "Ọ̀ta o!"

Ọ̀rọ̀ náà ta Òkété létí bí ata. Adìẹ ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀! Ó gbá gbogbo ọmọ ayò jọ, ó rọ wọ́n sẹ́nu, ọ̀tún, òsì, títí ojú rẹ̀ fi yọ gọngọ. Ó fẹsẹ̀ ta ọpọ́n, ọpọ́n là sí méjì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta wá ni ọ̀ta báyìí?"

Òkété fẹ́ dáhùn pé òun ni. Ṣùgbọ́n bó bá lanu, ọmọ ayò á dà sílẹ̀. Bó bá panu mọ́, orúkọ á lọ.

"Mùùùn," ló wí.

"Màmá," ni òròmọdìẹ kan bèèrè, "ta ló ń jẹ́ Mùùùn?"

Ẹ̀rín bo igbó. Ojú ti Òkété, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó wọlé síbẹ̀.

Adìẹ ò sunkún ọpọ́n. Ẹsẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló fi wa ihò ayò tuntun sí ilẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi ayò, ó gbọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ wìtìwìtì. Ìgbín náà dé lóòótọ́. Bó bá ti kàn án, àwọn yòókù a lọ jẹun, wọn a sì padà wá bá a lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni adìẹ ti ń fẹsẹ̀ walẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni òkété ti ń di nǹkan sẹ́rẹ̀kẹ́ sá wọ ihò, tí kì í fẹ́ jáde lójú ọ̀sán, kí wọ́n má baà tún bi í ní ìbéèrè. Ó ní ọmọ ayò. Kò rí ẹni bá a ta á.

Ẹ̀yin ọmọ, Ọlọ́run tó fún wa ní eré kò fi ẹnikẹ́ni ṣe aṣọ́bodè rẹ̀. Bí ẹnìkan bá di géèmù mú lónìí, tó ní òun nìkan ni ojúlówó, pé ọmọbìnrin ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹ má bá a jà.

Ẹ ṣáà ní kó lanu.