Ìdí Tí Ẹtù Fi Pá Lórí, Tí Ara Rẹ̀ Sì Kún fún Àmì Funfun

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí Ìgbín ṣì ń rìn kiri láìní ìkarahun lẹ́yìn, Ẹtù kò ní àmì funfun kankan lára. Dúdú ni, dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ìyẹ́ orí rẹ̀ gùn, ó sì dúró ṣánṣán bí gèlè ìyàwó tuntun. Bí ó bá ń kọjá lọ, àwọn ẹyẹ mìíràn a máa yà fún un lọ́nà.

Ẹtù yìí ni alájọ gbogbo àwọn ẹranko kéékèèké tó ń gbé inú igbó náà. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá fẹ́ fi owó pamọ́ yóò mú owó ẹyọ kan wá fún un. Inú ihò igi àràbà ni Ẹtù ń gbé. Pẹpẹ kan wà lókè nínú ihò náà, ìkòkò ńlá kan sì wà lórí pẹpẹ. Inú ìkòkò yẹn ni ó ń kó gbogbo owó sí. Bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ọyẹ́ dé, á pe gbogbo wọn jọ, á sì dá owó olúkúlùkù padà fún un.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀kún ẹnu ọkà bàbà kan ni ẹni tó bá mú owó wá máa ń fún un. Ó ń jẹ díẹ̀ nínú ọkà náà, ó ń ta ìyókù, ó sì ń ju owó tó bá pa sínú ìkòkò kan náà. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣebí òun mọ èyí tó jẹ́ tòun.

Ẹtù kì í fa ìlà sára ògiri, kì í sì í so kókó sí okùn bí àwọn alájọ mìíràn. Orí ni ó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Àparò àbúrò rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká wá ẹfun díẹ̀, ká máa fi sàmì sí owó tí wọ́n bá mú wá. Bó pẹ́ bó yá, nǹkan lè dàrú."

Ẹtù wò ó láti òkè délẹ̀. "Òkété mélòó ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi?"

"Mẹ́ta."

"Òkété àgbà ti mú méjìdínlógún wá. Èyí tí etí rẹ̀ ya ti mú mọ́kànlá wá. Ìyàwó elétí yíya mú méje wá, ó ní kí n má sọ fún ọkọ òun. Ṣé ẹfun ló sọ ìyẹn fún mi?"

"Ẹ ti wá sọ fún èmi báyìí," ni Àparò wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní orí ni kó lọ máa wá ẹfun."

Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Bí Ẹtù bá ti ní rárá, ẹni tó bá fẹ́ kí ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò sùn síbẹ̀, yóò jí síbẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tó ń dá àjọ, kò sí ẹni tí Ẹtù fẹ́ràn tó Baba Ìgbín. Àgbàlagbà ni. Ara rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ náà rọ̀. Kò bá ọjà rí. Ọjọ́ kejì tí ọjà ti tú ni ó máa ń dé, yóò sì rọra wọ́ gun ògiri inú igi náà títí dé orí pẹpẹ. Á ju owó ẹyọ rẹ̀ sínú ìkòkò fúnra rẹ̀, á tún rọra wọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Baba Ìgbín," ni Ẹtù máa ń kí i.

"Mo ti dé, Ìyá Alájọ. Ọ̀kan náà ni."

"Mo ti rí i, Baba."

Baba Ìgbín nídìí tó fi ń dá àjọ. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn a máa fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ní ọdún tó ṣáájú, abẹ́ ewé gbígbẹ ni wọ́n ti rí i, ó ti fún pọ̀ bí awọ bàtà tó gbó. Gbogbo wọn rò pé ó ti kú. Alákàn, tó ń ṣe ìkarahun létí odò, wá sọ fún un pé òun lè kọ́ ilé kan fún un tí yóò máa gbé kiri lẹ́yìn. Ogójì owó ẹyọ ni ó pè é. Alákàn kì í gba ẹ̀dínwó, kì í sì í ta àwìn. Bí ogójì kò bá pé, kò sí ilé, bí kò bá sì sí ilé, ọyẹ́ ọdún yìí ni yóò pa Baba Ìgbín.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, Ẹtù yé ẹyin méjìlá sí ìdí ògiri náà, ó sì sàba lé wọn. Ọjà mẹ́fà ni ó fi sàba. Àparò ló ń bá a gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ọjà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wá sọ ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú wá fún un. Ṣùgbọ́n Àparò kì í wá ní ọjọ́ kejì ọjà. Baba Ìgbín nìkan ló ń wá nígbà náà.

"Mo ti dé, Ìyá Alájọ."

"Hùn-ún," ni Ẹtù ń dáhùn, ojú rẹ̀ ti pa dé. Ẹyin ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Oorun sì dùn lórí ẹyin.

Àwọn ọmọ pa, wọ́n ń sáré kiri. Òjò dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ètè gbogbo ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, wọ́n sì mọ̀ pé ọyẹ́ ti wà lójú ọ̀nà. Ẹtù ránṣẹ́ pè wọ́n láti wá kó àjọ.

Wọ́n pé jọ síwájú igi àràbà. Ẹtù gbé ìkòkò jáde, ó sì ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkété àgbà gba tirẹ̀, ó pé. Ọ̀yà gba tirẹ̀, ó pé. Ìyàwó elétí yíya gba tirẹ̀ lẹ́yìn igi. Ó wá ku Baba Ìgbín nìkan.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n," ni Ẹtù wí, ó sì kà á síwájú rẹ̀.

Baba Ìgbín kò mú un. "Ogójì ni, Ìyá Alájọ."

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, Baba."

"Ogójì ni mo ń lé. Ọjọ́ tó pé ogójì ni mo dúró."

Ẹtù bojú wo inú ìkòkò. Owó ṣì kù níbẹ̀, ó tó ogún. Ó ti rò pé owó ọkà òun ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mélòó ni òun ta ọkà lọ́dún yìí? Èló ni òun sì ń tà á? Kò mọ̀. Owó oníowó nìkan ni ó ń fi sórí, kò ka ti ara rẹ̀ rí.

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó họ orí. Ìyẹ́ kan já bọ́ nínú ìyẹ́ orí rẹ̀ tó dúró ṣánṣán.

"Ẹ fún un ní mẹ́fà kó máa lọ," ni Òkété àgbà wí. "Ṣebí owó wà níbẹ̀."

"Bí mo bá fún un láìmọ ìdí rẹ̀, lọ́la ìwọ náà á ní mo jẹ ọ́ ní mẹ́fà."

"Èmi? Mẹ́jọ ni n ó sọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹtù kò rẹ́rìn-ín. Ó tún họ orí, ìyẹ́ mẹ́ta já bọ́. Ó mọ̀ pé Baba Ìgbín kì í purọ́. Ó sì mọ̀ pé orí òun kò já òun kulẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́ pọ̀.

"Ìyá Alájọ," ni Baba Ìgbín wí jẹ́jẹ́, "bí orí yín bá sọ pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, mi ò ní bá orí yín jà. Ẹ jẹ́ kí n mú èyí lọ bá Alákàn. Bóyá á ṣàánú mi."

"Kò ní ṣàánú yín," ni Àparò wí. "Ìyá rẹ̀ tó bí i, owó ló san kó tó rí ìkarahun gbà."

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Ara Baba Ìgbín súnkì lójú gbogbo wọn. Ẹtù ń họ orí, ó ń họ orí, ó ń wá owó mẹ́fà nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko, títí ìyẹ́ orí rẹ̀ fi tán pátápátá nílẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Àparò kò lè wo Baba Ìgbín mọ́. Ó rọra tì í wọ inú ihò igi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní bá a. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn gba ẹnu ihò náà wọlé ní àkókò yẹn. Àparò gbójú sókè, kò sì gbé e kalẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó pè, "ẹ wá wo ògiri yín."

Ẹtù wọlé, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ògiri náà ń dán. Ìlà tín-ín-rín bí okùn fàdákà ni ó kún ara rẹ̀, láti ilẹ̀ títí dé orí pẹpẹ, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ọ̀pá ẹní.

"Kí lèyí?" ni Ẹtù bi wọ́n.

"Ipa mi ni," ni Baba Ìgbín wí, ojú ń tì í. "Ẹ má bínú, mo ti ba ògiri yín jẹ́. Àwa ìgbín kì í gba orí ipa àná. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ wa láyà."

Àparò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á. Ó ka ogún. Ó ka ogójì. Inú gbogbo wọn dùn, ṣùgbọ́n Àparò kò dúró. Ìlà ṣì kù. Nígbà tó kà á tán, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọgọ́rin ni."

"Ìyá Alájọ," ni Òkété àgbà wí, "ẹ ti jẹ gbèsè o."

Bí Ẹtù bá da gbogbo ìkòkò náà délẹ̀, kò tó. Bí ó bá ta gbogbo ọkà rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, kò dájú pé yóò tó. Ó wo ògiri náà fún ìgbà pípẹ́, ó wá yíjú sí Baba Ìgbín.

"Ògiri kì í sàba, kì í sì í tòògbé," ni ó wí. "Bí ó bá ní ọgọ́rin ni, ọgọ́rin ni n ó san. Ẹ mú ohun tó wà nínú ìkòkò lónìí. Ẹ bá mi mú sùúrù fún ìyókù, Baba."

Ọgọ́rin owó ẹyọ. Ilé méjì ni. Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni, ògiri ti jẹ́rìí. Òkété àgbà ti ń ṣẹ́jú sí Baba Ìgbín pé kó gbà á.

"Ẹ kọ́kọ́ jókòó ná, Ìyá Alájọ," ni Baba Ìgbín wí. "Ṣé mo ń sùn sórí pẹpẹ yín ni? Ìlà kan ni mo fi ń gòkè, ìlà kan ni mo fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ogójì ni."

Ó wá na ìwo rẹ̀ kékeré sí ìdí ògiri, níbi tí àwọn ìlà kan ti yà kúrò lójú ọ̀nà, tí wọ́n yí ibi kan po kí wọ́n tó máa gòkè. "Ẹ wo ìwọ̀nyí. Àlọ mẹ́fà, àbọ̀ mẹ́fà. Ibẹ̀ ni ẹyin yín wà nígbà náà. Mo yí i ká kí n má baà jí yín."

Ẹtù wo ibi tí ìtẹ́ rẹ̀ ti wà. Ó jókòó sílẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó dìde, ó ka owó mẹ́fà lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó fi ìyẹ́ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e lé Baba Ìgbín lọ́wọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Òkété àgbà ló gbé Baba Ìgbín dé etí odò ní ọjọ́ yẹn gan-an. Alákàn ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé ìkarahun fún un. Baba Ìgbín wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ fẹ́ títí, ó rẹ ọyẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, Ẹtù pe Àparò. "Ẹfun ọjọ́sí dà?"

Àparò kò sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn gbé ẹfun jáde lábẹ́ apá. "Ṣé ògiri la ó sàmì sí?"

"Iná ìgbẹ́ lè jó ògiri. Ẹni tó bá sì pàdé mi lọ́jà kò lè rí i. Ara mi ni kí o sàmì sí, kí oníowó lè máa ka tirẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Apá òsì fún àwọn Òkété, apá ọ̀tún fún Ọ̀yà, àyà fún Baba Ìgbín. Owó ọkà tèmi, ẹ̀gbẹ́ ìrù ni kó wà. Ìkòkò tirẹ̀ náà yóò yàtọ̀."

"Ìyàwó elétí yíya ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ á rí i lápá òsì."

Ẹtù ronú díẹ̀. "Tirẹ̀, abẹ́ apá."

Àparò fi ẹfun tò ó, kín-ín-kín-ín, ọ̀kan fún owó ẹyọ kan. Ọdún ń gorí ọdún, owó ń wọlé, àmì ń pọ̀ sí i, títí ẹfun náà fi wọ inú ìyẹ́ lọ, tí òjò kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Orí tó họ títí tó fi pá yẹn kò sì hu ìyẹ́ mọ́.

Láti ìgbà náà wá ni Ẹtù ti ń gbé orí pípá kiri, tí ó ru ìṣirò gbogbo igbó sára, kódà lábẹ́ apá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ẹ kò ní rí àmì kan lára rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń kó owó fún ọmọdé pé kó bá òun fi pamọ́. Ìgbà tó bá dàgbà díẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ti mọ ìwà rẹ̀, ni àmì àkọ́kọ́ yóò tó yọ.