Aṣọ Tí Búsàrí Hun fún Etí

Ní ìlú Ìdí-Òwú, ilé òfì kan wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àtijọ́, òfì mẹ́rìnlá ni ó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ń sọ pé ogójì ni ń bù mọ́ ọn. Ilé náà kò gba ogójì. Búsàrí ni ó ni òfì kẹta láti ẹnu ọ̀nà, Ṣítù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ni ìkẹrin. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, wọ́n jọ gbéyàwó láàárín oṣù kan, wọ́n sì lè jiyàn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìgbójú kúrò lára òwú. Bí òwú ọ̀kan bá já, èkejì yóò dín ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kù títí ẹnìkejì yóò fi so ó, kí wọ́n lè jọ máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ṣítù kú, Búsàrí kò rí ẹni bá jiyàn mọ́. Kò pé oṣù mẹ́fà sí i tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi kọṣẹ́. Òfì kò sì ṣeé hun láìfi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni Búsàrí ń tẹ̀ lé ọ̀pá lọ sí ilé òfì, tí yóò jókòó sí ààyè rẹ̀, tí yóò sì máa fetí sí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn.

Ìjókòó náà gan-an ni ó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ilé náà ni pé lọ́dọọdún, ní Ọjọ́ Òfì, olórí ahunṣọ yóò máa lọ láti ìdí òfì kan dé òmíràn bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, oníkálukú yóò sì fi iṣẹ́ tuntun tí ó dá fúnra rẹ̀ hàn án. Ẹni tí kò bá ní nǹkan fi hàn ní ọdún méjì léra, ẹlòmíràn ni yóò gba ìjókòó rẹ̀. Òfin náà kì í ṣe ti ìkà, nítorí àwọn tí ó ń retí àyè pọ̀. Búsàrí wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí i nígbà tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Ní ọdún tí ó kọjá, ọwọ́ òfìfo ni ó fi jókòó. Oṣù mẹ́rin ni ó kù kí ọdún kejì pé.

Àkókò yìí ni Múnírátù ọmọ rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, wá lo ìsinmi nílé. Ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká ògbólógbòó kan tí ó fi ń ṣe orin fún ìgbádùn ara rẹ̀. Búsàrí yọjú wò ó láti ẹ̀yìn. Àpótí kéékèèké tò ní ìlà-ìlà lójú ẹ̀rọ náà. Àwọn kan ní àwọ̀, àwọn kan ṣófo.

"Múnírà, ta ní kọ́ ọ ní òfì?"

"Bàbá mi, òfì kọ́, orin ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ìró tirẹ̀. Ibi tí ẹ bá kùn ní àwọ̀, ìró yẹn yóò dún. Ibi tí ẹ bá fi sílẹ̀, yóò dákẹ́. Tó bá dé òpin, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní ta ní kọ́ ọ ní òfì? Mẹ́rin dúdú, méjì funfun, kí ọ̀kan sinmi, kí a tún un hun. Kí ni ìyàtọ̀?"

Múnírátù fa kọ̀ǹpútà náà mọ́ra. Ó tún ojú ẹ̀rọ náà wò bí ẹni pé kò rí i rí.

Ohun kan wà nínú fóònù rẹ̀ tí kò rántí mọ́: ìró òfì bàbá rẹ̀ àti ti Ṣítù, tí ó gbà sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun àti bàbá rẹ̀ gé e sí wẹ́wẹ́: gìdì ìtẹsẹ̀, ṣíọ̀ ọkọ̀ ìhunṣọ bí ó ti ń sáré láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, kẹ̀ṣẹ̀ igi tí ó ń gbá òwú mọ́ra. Nígbà tí Múnírátù fi máa padà sí Ìbàdàn, ó fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀.

Búsàrí kò mọ dùùrù, kò lu ìlù rí, kò sì mọ orúkọ ohùn orin kankan. Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń ka òwú. Ní ìdájí, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ náà, tí yóò máa ka àpótí lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń ṣe tẹ̀sùbáà.

"Bàbá Múnírátù," ni ìyàwó rẹ̀, Ràbíátù, máa ń wí, "aṣọ tí ẹ ń hun láti oṣù méjì yìí, ṣé ìró la ó fi ṣe àbí gèlè?"

"Etí ni a ó fi wọ̀ ọ́. Kò ní ṣá láéláé."

"Kò ní ṣá, kò sì ní bo ìdí. Ẹ wá jẹun o jàre."

Wàhálà kan ṣoṣo ni Búsàrí ní. Ìtẹsẹ̀ kan nínú ti Ṣítù kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ, nítorí náà òfì rẹ̀ máa ń tiro. Yàtọ̀ sí èyí, òwú Ṣítù já láàárín ohun tí Múnírátù gbà sílẹ̀: a gbọ́ tá, òfì rẹ̀ sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe, Búsàrí sì jẹ́ kí ó tún un ṣe. Ó na títiro náà tọ́, ó gé jíjá náà dànù, orin náà sì gún régé.

Ràbíátù ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ mélòó kan ni orí rẹ̀ ti ń mì sí orin náà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Orí náà dúró.

"Ta ni ẹ lé lọ?"

"Mo lé ta lọ báwo?"

"Ṣítù ni mo ti ń gbọ́ láti ìjẹta. N ò gbọ́ ọ mọ́."

Búsàrí yíjú sí ẹ̀rọ náà. Ó wo àwọn àpótí tí ó tò lọ geerege, kò sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ náà, ó dá títiro Ṣítù padà, ó dá jíjá òwú padà, ó sì ṣe ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ìbá ṣe: ní ibi tí òfì Ṣítù ti dákẹ́, ó dín ìrìn òfì tirẹ̀ kù, kí ó máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí Ṣítù yóò fi so òwú rẹ̀.

Ọjọ́ Òfì pé. Gbogbo ahunṣọ wà nídìí iṣẹ́. Bàbá Jìnádù, olórí wọn, ń lọ láti òfì dé òfì, Ọ̀gbẹ́ni Adésèyè sì ń tẹ̀ lé e. Tíṣà yìí ń kọ́ni lórin ní ilé-ìwé gíga ìlú náà, òun ni wọ́n fi ṣe àlejò pàtàkì. Nígbà tí wọ́n dé òfì kẹta, kò sí aṣọ níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà àti sípíkà kan ni ó wà lórí òfì náà.

"Búsàrí, iṣẹ́ tuntun dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, orin ni mo hun."

Ẹ̀rín ta láti ìdí òfì. "Ẹ ní kó wọ̀n ọ́n ní ọ̀pá mẹ́ta fún mi!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn.

Jìnádù kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ orin. Ṣé iṣẹ́ ni èyí?"

"Bàbá, irinṣẹ́ orin wo lẹ ń lò?" ni Adésèyè bi Búsàrí.

"N kò lo ọ̀kankan."

"Ta ni ó kọ́ yín?"

"Ọmọ mi kọ́ mi bí a ti ń tàn án. Òwú ló kọ́ mi èyí tó kù."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ dùùrù, ìka mi sì bó. Ẹ̀rọ ni ó ṣe èyí, ẹ̀yin kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Búsàrí, nítorí ó mọ̀ pé irọ́ kò sí nínú ìka tí ó bó. Ó kàn tan orin náà. Gìdì, ṣíọ̀, kẹ̀ṣẹ̀. Òfì kan ń rìn ṣánṣán, èkejì ń tiro tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ àwọn ahunṣọ ń lọ, ẹ̀rín ṣì kù lẹ́nu àwọn kan. Lẹ́yìn náà ni ó dún: tá!

Adésèyè nawọ́ sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti ṣì í. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó kéré jù kò ní fi irú àlàfo yìí sí—"

Ó yíjú láti wá ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn, ó sì rí i pé ilé náà ti pa rọ́rọ́. Kò sí ẹsẹ̀ kan tí ó ń tẹ ìtẹsẹ̀. Gbogbo wọn ti tẹ̀ síwájú, ọwọ́ ọ̀tún oníkálukú wà lára òwú tirẹ̀, tí ó ń wá ibi tí ó ti já. Kò sí òwú tí ó já. Láti inú sípíkà, òfì kan ṣoṣo ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń dúró de ẹnìkan. Èyí tí ó ń tiro padà dé, wọ́n sì jọ ń lọ. Láìsí ẹni tí ó pàṣẹ, gbogbo ẹsẹ̀ tí ó wà nílé náà bá wọn lọ, gìdì kan náà, kẹ̀ṣẹ̀ kan náà.

Jìnádù ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ṣítù nìyẹn."

"Òun ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ó dúró dè é?"

"Èmi ni."

Olórí ahunṣọ wo ọ̀pá Búsàrí, ó wo orúnkún rẹ̀, ó sì wo Tíṣà, tí ó ti rọra jókòó sórí ìtí òwú kan, tí ó ń fi ìka tí ó bó nígbà kan ka ìrìn òfì tí ń tiro.

"Aṣọ tí òwú rẹ̀ kò já rí, ẹnikẹ́ni lè ní òun ló hun ún," ni Jìnádù wí. "Búsàrí, jókòó sí ààyè rẹ."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde nílé òfì. Kò pẹ́ tí ó fi dé ọjà, tí àwọn àgbà sì gbà á mú, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí di òní pé: ibi tí òwú bá já sí ni a ti ń mọ ahunṣọ.